Ọkùnrin Tó Ń Gbọ́ Èémí Ẹja

Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíì má baà gbà á sọ mọ́ mi lẹ́nu. Èmi arúgbó yìí, tí mo ti sin ọkọ, tí mo ti tọ́ ọmọ, tí eyín mi kò pé mọ́ lẹ́nu, mo jókòó síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, mo pa irọ́ kan tó fẹ̀ ju ìdí mi lọ, ìdí tèmi kì í sì í ṣe kékeré. Odidi ọkọ̀ ojú omi yí orí padà nítorí irọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rẹ́rìn-ín tán, ẹ fetí sílẹ̀, torí ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ mi gbà wọ ilé wa.

Ẹja la máa ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ láti kékeré, tẹ́ ẹ bá gbé e sínú omi ìwẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lẹ ó fi yọ ọ́ jáde. Nígbà tó dàgbà, ó ra kámẹ́rà, ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn wọ ìsàlẹ̀ òkun, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn awalẹ̀pìtàn kan gbà á. Àwọn wọ̀nyí kì í walẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ o. Inú òkun ni wọ́n ti ń wá ọkọ̀ onígi kan tó rì kí wọ́n tó bí baba baba mi. Ẹja ló ń ya fíìmù bí wọ́n ṣe ń wá a.

Ìyá ẹ̀, ọmọ mi obìnrin, kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àmọ́ ó ti gba kámú. Ohun tí kò gbà ni fọ́tò kan tó rí lórí fóònù ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú fọ́tò náà, tó gbé ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá tó ń bo etí méjèèjì kọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya á.

"Ta nìyí?"

"Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún fíìmù wa ni, Mà."

"Mi ò bèèrè iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Mo ní ta nìyí?"

Ẹja ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni."

Ọmọ mi jókòó lé àwọn aṣọ tí wọ́n ti ká. "Nínú ọkọ̀ ojú omi? Nínú gbogbo ibi tí ọkùnrin wà láyé yìí, inú ọkọ̀ ojú omi lo ti lọ mú un wá? Gbọ́ o. Kò sí ọmọ tèmi tó máa fẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ń léfòó."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Kúùkù ni ọkọ ẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kò kú sómi o. Ká ní ó kú ni, à bá sunkún, ká nu ojú. Ó kàn ń pẹ́ sí i nígbàkúùgbà tó bá lọ ni, títí pípẹ́ fi di àìwá, títí a fi gbọ́ pé ó ti ní ìyàwó àti ọmọ ní èbúté míì. Títí di ìsinsìnyí, ọmọ mi ṣì máa ń ṣèèṣì gbé àwo ọkọ ẹ̀ sórí tábìlì. Á wò ó, á gbé e padà, á wá ṣe bí ẹni pé eruku ló fẹ́ nù lára ẹ̀.

Nígbà tí Ẹja ti jáde, ọmọ mi sún mọ́ mi. "Màmá, ẹ bá mi lọ wo ọkùnrin yẹn. Ẹ wo àléébù tó ní, kẹ́ ẹ wá fọgbọ́n tú wọn ká."

"Tí kò bá wá ní àléébù ńkọ́?"

"Ọkùnrin?" ló fi dá mi lóhùn.

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn.

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta okùn ni àwọn awalẹ̀pìtàn náà ń lò lẹ́bàá èbúté. Aṣọ ìmùwẹ̀ dúdú rọ̀ sórí wáyà bí àwọn èèyàn tí wọ́n gbàgbé orí wọn sílé. Àwòrán òkun ńlá kan wà lára ògiri, ọ̀gá wọn dúró síwájú ẹ̀, obìnrin gíga kan tó fi pẹ́ńsù há ẹ̀yìn etí. Dókítà ni gbogbo wọn ń pè é. Mo ní mo fẹ́ bá wọn wọ ọkọ̀ ní ìrìn tó kàn, kí n lọ wo ibi tí ọmọ-ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú, a kì í gbé àlejò," ni Dókítà wí. "Àyàfi ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ tí à ń wá."

Ẹnu mi ti là kí ọpọlọ mi tó dé. "Ṣé ọkọ̀ onígi yẹn? Bàbá bàbá mi sọ ọ́ títí ó fi sú wa! Apẹja ni wọ́n. Ibi kan wà tí àwọ̀n wọn máa ń há sí lára igi lábẹ́ omi, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ará àtijọ́ ló wà níbẹ̀."

Bàbá bàbá mi tí mò ń wí yìí, onígbàjámọ̀ ni wọ́n ní abúlé tó jìnnà sí òkun. Irun ni wọ́n ń gé kiri. Àní wọ́n máa ń pa ojú dé nítorí ẹ̀rù omi tí wọ́n bá ń bọ́jú nínú bàsíà.

Dókítà yọ pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí. Wọ́n ti ń wá ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí ìwé àtijọ́ júwe kò mú nǹkan kan jáde, ọkọ̀ tí wọ́n yá sì ti fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ibẹ̀ fún mi."

Mo wo àwòrán òkun náà bí ewúrẹ́ ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo bá na ìka. Ẹ̀gbẹ́ àpáta kan ló bọ́ sí. Dókítà fi pẹ́ńsù yí i ká.

Nígbà tí Ẹja gbọ́, ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Màmá àgbà, ẹ ò sọ fún mi rí pé apẹja ni wọ́n."

"O ò bi mí rí," mo ní, mo sì bojú wo ibòmíì.

Èbúté kò tíì kéré lẹ́yìn wa tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo sáré lọ di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ti tẹ̀ba, tó dorí kodò sí omi. Mo rò pé nǹkan ẹ̀ ló bọ́ sómi tó ń wò. Èébì ló ń bì. Mo dúró tì í, mo bẹ̀rẹ̀ tèmi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," ló wí nígbà tí ó rí àyè.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì ni, Mà."

"Mo rí i."

Ó nu ẹnu. Mo wá rí ohun ìgbọ́rọ̀ náà lọ́rùn ẹ̀. "Àṣé ìwọ nìyí! Ìwọ lo fẹ́ fẹ́ Ẹja wa, pẹ̀lú inú tó rí báyìí?"

"Inú mi kọ òkun, Mà. Àmọ́ ibẹ̀ ni ọmọ yín wà." Ó tún sáré tẹ̀ba.

Èmi náà tẹ̀ba. Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ kórìíra ẹni tí a jọ bì? Síbẹ̀ mo gbìyànjú. Mo sọ ọ́ ní Elétí nítorí iṣẹ́ ẹ̀, mo sì ń wá àléébù kiri lára ẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tínrín, mo kó ìyẹn pa mọ́. Kì í tètè sọ̀rọ̀, mo kó ìyẹn náà pa mọ́.

Ní tòótọ́, ara gbogbo wọn kò balẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ okùn, wọ́n ń fà á lẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́ omi, ó ń ya bí ilẹ̀ òkun ṣe rí sójú gíláàsì kan, wọ́n á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀ pálọ̀. Dókítà kì í kúrò nídìí gíláàsì náà, tíì rẹ̀ á tutù nínú ife. Ọ̀gákọ̀ ń wo ojú ọ̀run, ó ń pòṣé. Ẹja ní tiẹ̀ kò lè jókòó. Á rìn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, á ya èyí, á ya tọ̀hún, á tún kámẹ́rà nù. Tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elétí, á fi ìka kan kàn án ní èjìká, á sì máa lọ láìwẹ̀yìn. Mo rí i. Mo kó ìyẹn náà pa mọ́, àmọ́ mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí màá tò ó sí.

Nígbà tí Ẹja àti àwọn òmùwẹ̀ yòókù bá wọ omi, Elétí á jókòó ti àpótí ẹ̀rọ ẹ̀, á bo etí, á di ojú. Ìbòjú tí Ẹja ń wọ̀ lábẹ́ omi ní gbohùngbohùn nínú, wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀.

"Kí lò ń gbọ́?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Èémí ẹ̀ ni, Mà. Ó máa ń yá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Tó bá wá rí nǹkan tó fẹ́ yà, á rọra máa mí, kí ọwọ́ ẹ̀ má baà mì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀, ó bi mí láti ìsàlẹ̀ pé, 'Ṣé o wà ńbẹ̀?' Mi ò sì sí níbẹ̀. Ìdí irin ni mo wà, mò ń bì. Ó rò pé wáyà ti já, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ gòkè wá. Ó bú mi, Mà! Omi ń kán lára ẹ̀, ó ń bú mi. Láti ọjọ́ náà, kò tíì bi mí pé ṣé mo wà ńbẹ̀ kí n má dáhùn."

"Tí èébì bá wá gbé ọ ńkọ́?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti korobá kan lábẹ́ àga ẹ̀. "Ó ti wà níbí, Mà."

Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ àpáta tí mo fìka mi yàn, òkun níbẹ̀ kò dára. Omi ń ṣàn tipátipá láàárín àwọn òkúta, ọ̀gákọ̀ sì ní kí wọ́n má wọ ọ́ títí tí yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó rọlẹ̀, Dókítà ní lọ́sàn-án ni Ẹja àti àwọn yòókù á wọlé. Ó wá ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya èmi náà, kí n sọ ìtàn bàbá bàbá mi fún fíìmù. Elétí fi gbohùngbohùn kékeré kan há mi lọ́rùn aṣọ, ó fi bátìrì ẹ̀ kọ́ mi níbàdí. Mo fẹnu kọ́ ilé fún wọn! Mo fi àwọ̀n kún un, mo fi ìjì kún un, mo tún fi ẹja ńlá kan tó gbé fìlà bàbá mì. Ojú Dókítà ń dán bí ojú ọmọdé.

Bí mo ṣe parí ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú kọ́mú mi. Ìyá Ẹja ni. Mo sáré wọ ilé ìtọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó. Mo ní kí n kúkú máa ṣe méjèèjì pọ̀.

"Màmá, báwo ni? Ṣé ẹ ti tú wọn ká?"

"Tú kí ni ká? Jẹ́ kí n tọ̀ ná. Ọmọ náà dára o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tínrín, ó ń bì bí aboyún, àmọ́ kì í gbé etí ẹ̀ kúrò lára ọmọ ẹ."

"Èmi kọ́ ni mo rán yín kẹ́ ẹ lọ fẹ́ràn ẹ̀!"

"Ìwọ sáà rán mi wá síbi tí mo ti ń parọ́. Mo ti sọ bàbá bàbá mi di apẹja! Àwọn tí wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n fá orí lọ. Ọkọ̀ ńlá yìí ti sá wá síbi tí mo kàn na ìka sí ṣáá." Mo rẹ́rìn-ín títí àga ilé ìtọ̀ fi ń dún. Mo wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ ọ́. "Wò ó, ọmọ mi. Kì í ṣe ọkùnrin yìí lò ń sá fún. Ilé tó máa ṣófo lò ń sá fún. Tí Ẹja bá lọ, ó ku ìwọ àti àwo ẹ."

Ó pa fóònù. Mo da omi, mo jáde.

Elétí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ó kàn na ìka sí ọrùn aṣọ mi. Mo wolẹ̀. Gbohùngbohùn náà ń wò mí bí ojú eku.

"O gbọ́?"

"Mo yọ ohun ìgbọ́rọ̀ létí nígbà tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni, Mà. Àmọ́ mo pẹ́ kí n tó yọ ọ́."

"O gbọ́ gbogbo ẹ̀? Títí kan…"

"Mo gbọ́ omi, Mà." Ojú ń tì í ju èmi lọ. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín tó wọ aṣọ ìmùwẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ ti rí bí omi ṣe rí níbẹ̀. Mi ò lè jókòó kí n máa gbọ́ èémí ẹ̀ láàárín àpáta yẹn, kí n mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń wá."

Ìbínú gbé mi, nítorí pé òótọ́ ló ń sọ. "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo máa sọ tìẹ nílé? Bí mo bá ní o kò dáa, ó parí nìyẹn."

"Mo mọ̀, Mà."

"Tí mo bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Èmi á sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ lọ sọ tèmi." Ó tún fi kún un, "Ó sàn kó jẹ́ pé mi ò fẹ́ ẹ, kó sì wà láàyè."

Ó rọra tú gbohùngbohùn kúrò lọ́rùn mi, ó lọ. Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹja ti ki ẹsẹ̀ kan bọ aṣọ dúdú náà nígbà tí mo pariwo. "Ẹ dúró! Irọ́ ni! Onígbàjámọ̀ ni wọ́n!"

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Mo sọ ọ́ tán, láìfi nǹkan kan pa mọ́, títí kan ìdí tí ìyá ẹ̀ fi rán mi àti bí Elétí ṣe gbọ́ ọ láàárọ̀. Dókítà lọ síbi àwòrán òkun tí wọ́n gbé wá sínú ọkọ̀, ó fi rọ́bà pa àmì tó yí ìka mi ká rẹ́, ó ń pa á rẹ́ lọ nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀, Màmá," ló wí níkẹyìn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa parọ́ fún mi." Ó kọjú sí ọ̀gákọ̀. "Ẹ jẹ́ ká padà síbi àkọ́kọ́, ibi tí ìwé àtijọ́ júwe. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù ló kù."

Ẹja ṣì ki ẹsẹ̀ kan bọ aṣọ, èkejì ṣòfìfo, nígbà tó yí sí Elétí. "Ìwọ ti gbọ́ láti àárọ̀?"

"Mo fún wọn láyè ni. Màmá àgbà ẹ ni wọ́n."

"Ìwọ ni mò ń fi etí ẹ wọ inú omi. Tó o bá lè gbọ́ irú èyí kó o sì dákẹ́, kí ni mo tún mọ̀ tó o ti gbọ́ rí, tó o dákẹ́ sí?"

Ẹja bọ́ aṣọ náà, ó wọ yàrá ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló kù láàárín wọn. Tí Ẹja bá wọ omi, á ní, "Mo ti dé ìsàlẹ̀." Á ní, "Mò ń bọ̀ lókè." Kò bèèrè mọ́ pé ṣé ó wà ńbẹ̀. Elétí á jókòó ti àpótí ẹ̀, kò sì bì mọ́ pàápàá, torí kò jẹun. Èmi tí wọ́n rán wá tú wọn ká ti ṣe é láṣeyọrí. Ara mi ò wá gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn bí Ẹja, pẹ̀lú orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Mo kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀. Ó ń nu gíláàsì ojú kámẹ́rà.

"Ó ní kó o má bínú," mo wí.

"Ṣé òun ló ní kẹ́ ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èébì ló gé e kúrú."

Ẹnu ẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò gbà á láyè. "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ yín."

"Ó dáa, gbọ́ òótọ́. Mo dẹ́rù bà á pé màá ba ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ ìyá ẹ. Ó ní kí n lọ bà á jẹ́. Ó ní kí òun pàdánù rẹ, kó o sì wà láàyè, ó tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ti gbé ayé pẹ́, mi ò gbọ́ kí ọkùnrin sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi rí. Ọkọ mi nífẹ̀ẹ́ mi o, àmọ́ ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò."

Ó ń nu gíláàsì náà lọ, ó sì ti mọ́ tipẹ́.

Ọjọ́ tí ọ̀gákọ̀ ní lọ́la a gbọ́dọ̀ padà sí èbúté, wọ́n wọ omi fún ìgbà ìkẹyìn, ní ibi àkọ́kọ́ yẹn. Elétí jókòó. Mo jókòó tì í, èmi tí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó níbẹ̀. Ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ ìhà kan, ó fi bò mí létí.

Mo gbọ́ ọmọ-ọmọ mi. Kì í ṣe ohùn ẹ̀ o, èémí ẹ̀. Hààà. Hààà. Bó ṣe máa ń mí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ lórí àyà mi. Ó ń yá, ó ń yá, lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà gùn, ó tínrín bí òwú ìránṣọ. Mo di Elétí lápá mú. "Kí ló ṣe é?"

"Ó ti rí nǹkan," ló wí. Kò tíì sí ẹni tó mọ̀ nínú ọkọ̀ náà, Dókítà kò mọ̀, òun ti mọ̀.

Ó pẹ́. Ohùn Ẹja wá dé, kékeré, láti ìsàlẹ̀ gbogbo omi yẹn.

"Ṣé o wà ńbẹ̀?"

Elétí nu ojú ẹ̀ kó tó dáhùn. "Mo wà ńbí."

"Mo rò pé egungun ìhà màlúù ni. Igi ni. Wọ́n tò tẹ̀léra wọn lábẹ́ yanrìn. Sọ fún Dókítà." Ó mí. "Má kúrò ńbẹ̀ o."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Nígbà tí Dókítà gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé ní ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá wúrà wà níbẹ̀. Ó ní bàsíà bàbà ni ọkọ̀ náà rù, tí wọ́n á ti lẹ̀ mọ́ra wọn báyìí. Gbogbo wàhálà yìí nítorí bàsíà! Mo tún lọ bì.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Elétí wá sí ilé wa. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fara ti àga. Ọmọ mi jókòó níwájú ẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹja dúró sí ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń jó lásán.

"Màmá ti sọ tìẹ títí etí mi fi di," ni ọmọ mi wí. "Wọ́n ní o kì í parọ́. Ó dáa. Tó o bá lọ sójú omi, tó ò bá wá mọ́ ńkọ́?"

"Mi ò lọ sójú omi mọ́, Mà. Mo ti gba iṣẹ́ nílùú níbí, níbi tí wọ́n ti ń to ohùn fíìmù pọ̀. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni." Ó wo ilẹ̀. "Tí ẹ bá sì gbà, mo ti rí ilé kan tá a lè háyà, ní ẹ̀yìn ilé yín níbí. Kò jìnnà sí yín."

Mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé tó máa ṣófo. Kò wo ojú mi, èmi náà kò wo tiẹ̀.

Ẹja yí padà lójú fèrèsé. "Ta ló ní kó o fi ọkọ̀ sílẹ̀? Ṣé mo bẹ̀ ọ́?"

"Inú mi ló bẹ̀ mí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Ẹja. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ti fi ọkọ̀ sílẹ̀?"

Ẹsẹ̀ tó ń jó dúró. "Dókítà ń padà lọ, Mà. Wọ́n fẹ́ gbé àwọn nǹkan inú ọkọ̀ náà jáde. Ó máa pẹ́. Wọ́n fẹ́ kí n ya gbogbo ẹ̀." Ó kọjú sí ìyá ẹ̀. "Mo fẹ́ lọ."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí po nínú orí ọmọ mi, bí ó ṣe ń wo ọ̀kan, tó ń wo èkejì. "Ta ló máa wá dúró sílé?"

"Èmi ni, Mà," ni Elétí wí.

Ọmọ mi dìde, ó wọ ilé ìdáná. Mo tẹ̀lé e. Ó ti ṣí omi, kò fọ nǹkan kan, ó kàn ń wo bó ṣe ń dà.

"Ọkùnrin yẹn kò mọ ohun tó ń tọrọ, Màmá. Kò mọ̀ rárá."

"Lọ sọ fún un. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ?"

Ó pa omi. Ó padà lọ jókòó, kì í ṣe níwájú ẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó sọ bí èèyàn ṣe máa ń mọ ìró bàtà gbogbo àwọn tó ń gba àdúgbò kọjá, nítorí pé ọ̀kan péré ló ń retí. Ó sọ bí a ṣe ń gbọ́n irọ̀rí tí ẹnì kan kò sùn lé. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwo. Èmi ìyá ẹ̀, mi ò gbọ́ ìdá kan nínú ẹ̀ rí. Mo máa ń tètè dá àpárá sí i, kó má baà sunkún lójú mi. Ọkùnrin yìí kò dá àpárá. Kò ní kó ṣe sùúrù. Ó di ojú, bó ṣe máa ń ṣe nídìí àpótí ẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí ọmọ mi bá dákẹ́, á ní, "Mo wà ńbí, Mà," ọmọ mi á sì máa bá a lọ.

Ẹja ti jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀. Ó gbé orí lé e nítan.

"Ṣé o ti gbọ́?" ni ọmọ mi bi Elétí nígbà tó sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́, Mà."

"O ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

Ọmọ mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Dìde, jẹ́ kí n wò ọ́. Màmá, ẹsẹ̀ ẹ̀ mà tínrín lóòótọ́!"

A ṣe ìgbéyàwó kí ọkọ̀ tó lọ. Dókítà wá, ó ṣì fi pẹ́ńsù há ẹ̀yìn etí. Ó bi mí ní etí gbogbo èèyàn bóyá bàbá bàbá mi gbé irun ẹnikẹ́ni sọnù sínú òkun kí òun lọ bá wọn wá a. Mo ní kó mú ọkọ̀ wá.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣíkọ̀, àwa mẹ́ta la dúró ní èbúté: èmi, ọmọ mi, àti Elétí láàárín wa. Ẹja wà lẹ́yìn ọkọ̀, kámẹ́rà ti bo ojú ẹ̀, ó ń ya wá. A ń ju ọwọ́. Ọkọ̀ náà ń kéré, ó di bí bàtà, ó di bí èékánná. Àwọn tó wá sin èèyàn wọn ti ń túká, ẹni tó tú okùn ọkọ̀ ti ká okùn ẹ̀ tán. Mo ní ká máa lọ, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kò sẹ́ni tó mira. Elétí ti di ojú.

Ọmọ mi fà á lápá aṣọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun.

"Ìwọ tí etí ẹ mú yìí," ló wí, "ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ?"